Kúẹ́rì Ìyá Hanan

Ní gbogbo àdúgbò Ibo Road ní Sabon Gari, bí ọ̀rọ̀ bá le débi pé a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé, ọ̀dọ̀ Tíṣà Sàkáríyà ni wọ́n ń gbé e lọ. Bàbá rẹ̀ ló gbé iṣẹ́ aránfìlà wá sí Kano láti Ọ̀ffà, ṣùgbọ́n Kano ni wọ́n bí Sàkáríyà sí, Kano náà ló sì ti hu irun funfun. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó fẹ̀yìntì, òun àti Bushrat, àbíkẹ́yìn rẹ̀, gba ṣọ́ọ̀bù kan tí kò gbà ju tábìlì méjì lọ, wọ́n ń tẹ ìwé níbẹ̀, wọ́n ń ṣe fọ́tòkọ́pì. Bushrat ló ń tẹ kọ̀ǹpútà, bàbá rẹ̀ ló ń to ọ̀rọ̀.

Ó mọ ọ̀rọ̀ tò. Ká sọ tòótọ́, ohun tó mọ̀ jù ni bí a ṣe ń mú ọ̀rọ̀ tó ní eegun, ká yọ eegun rẹ̀ kúrò, ká sì fi Gẹ̀ẹ́sì dáradára bò ó lórí. Bí ọdẹ kan bá sùn lẹ́nu iṣẹ́ tí olè fi wọlé, Tíṣà á kọ pé àìsàn ló kì í mọ́lẹ̀ lójijì. Bí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bá wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀ nínú ìdánwò, á kọ pé ọrùn ló ń dun ọmọ náà tó fi yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn oníbàárà á tẹ̀ka, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á lọ. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ka sí. Tíṣà kò pe èyí ní irọ́. Ọgbọ́n ìwé ló ń pè é, ó sì máa ń fi yangàn, títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí ooru ti mú débi pé ògiri gan-an ń gbóná mọ́ni lọ́wọ́, tí Ìyá Hanan fi wọlé tòun ti àpòòwé kan.

Ròdíyátù ni orúkọ Ìyá Hanan. Kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Hotoro ló ń gbé, òun sì ni olórí àwọn tó ń dáná ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan ní Airport Road. Kò sí Yorùbá kan ní Sabon Gari tí kò mọ̀ ọ́n, nítorí pé obìnrin náà kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Nígbà tí Matilda ṣí ilé oúnjẹ rẹ̀ ní Ibo Road, ó pe àwọn ènìyàn wá tọ́ ọbẹ̀ wò. Gbogbo wọn ní ó dùn. Ìyá Hanan nìkan ló gbé ṣíbí sílẹ̀ tó ní, "Matilda, ọbẹ̀ yìí kò tíì dára. Epo rẹ̀ kò jinná, iyọ̀ sì pọ̀." Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Matilda kò fi kí i. Ní ọjọ́ kẹrin, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Hotoro, ó ní kó wá kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń dín epo. Lónìí, bí o bá dé ilé oúnjẹ Matilda lẹ́yìn aago kan ọ̀sán, ìdúró lo máa dúró.

"Ina kwana, Mama," Bushrat kí i. Bí ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n bí sí Kano, Yorùbá yé e dáadáa, ṣùgbọ́n Hausa ló kọ́kọ́ ń bọ́ sí i lẹ́nu.

"Lafiya lau, ọmọ mi. Tíṣà, ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ti fún mi ní kúẹ́rì."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé òjò ń ṣú bọ̀. Kúẹ́rì sì nìyí, ìwé tí ọ̀gá fi ń bi òṣìṣẹ́ pé kí ló dé tó fi ṣe ohun tó ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lé ènìyàn. Tíṣà wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á. Ọ̀gbẹ́ni Henry, máníjà hòtẹ́ẹ̀lì, ló buwọ́ lù ú. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, Ìyá Hanan sọ̀rọ̀ sí àlejò pàtàkì kan lọ́nà tó "blunt", ó sì dójú ti hòtẹ́ẹ̀lì. Kó fèsì lákọsílẹ̀ kí ọjọ́ méjì tó pé. Ọjọ́rùú ni wọn yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà.

"Kí ni 'blunt' yẹn?" Ìyá Hanan bi í.

"Ìtumọ̀ méjì ló ní. Èkíní, ọ̀bẹ tí kò bá mú mọ́, wọ́n á ní ó 'blunt'."

"Èkejì ńkọ́?"

"Èkejì ni ti ènìyàn. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ṣàkó, tí kì í fi nǹkan kan ra á lára kó tó sọ ọ́ jáde."

Ìyá Hanan ronú sí i. "Ọ̀rọ̀ tó gé ènìyàn lára, ọ̀bẹ tí kò lè gé nǹkan ni wọ́n fi pè é?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́."

"Wọn ò mọ̀ mí nìyẹn. Èmi tí mò ń pọ́n ọ̀bẹ mi láràárọ̀ kí n tó ṣe ohunkóhun? Ẹ wá ọ̀rọ̀ mìíràn fún mi, Tíṣà."

Ẹ̀rín pa Tíṣà. Ó na ọwọ́ sí orí pẹpẹ, ó gbé ìwé atúmọ̀ èdè tó ti ń lò láti ìgbà iṣẹ́ tíṣà, èyí tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Ó ṣí i.

"'Frank'," ó kà. "Ẹni tó ń sọ ohun tó wà nínú rẹ̀."

"Frank? Mo mọ Frank kan lẹ́yìn ọjà níbí, tó ń ta páàtì ọkọ̀. Irọ́ rẹ̀ ga ju òpó iná lọ. Ẹ fò ó."

"'Candid'."

"Ṣé ó bá 'candidate' tan? Àwọn tí wọ́n ń lẹ àwòrán wọn mọ́ ògiri ilé wa bí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀?"

Tíṣà họ orí. "Ìdí kan náà ni wọ́n ti wá, tí a bá tọ̀ ọ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Róòmù."

"Ẹ fò ó kíákíá."

Bushrat ti fi orí lé kọ̀ǹpútà, èjìká rẹ̀ ń mì tìtì fún ẹ̀rín.

"'Outspoken'. Ẹni tí kì í bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ níta gbangba."

"Ẹlẹ́nu bí àgbá nìyẹn. Wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá, mi ò nílò rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì."

"'Straightforward'. Tààrà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní kọ̀rọ̀."

Ìyá Hanan mi orí díẹ̀. "Ìyẹn sàn. Ẹ fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná."

Tíṣà pa ìwé náà dé. Ó ní kó kọ́kọ́ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún òun, kí àwọn tó máa wá ọ̀rọ̀ tí àwọn yóò fi wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ó sọ ọ́. Ìyá kan tó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún márùndínlógójì ló fẹ̀yìntì, òun àti ọgọ́rin àlejò rẹ̀ ń bọ̀ wá jẹun ọ̀sán ní hòtẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ Sátidé. Ẹja ló ní kí wọ́n sè. Nígbà tí Ìyá Hanan ṣí fírísà láàárọ̀ ọjọ́ náà, omi ni ó bá nínú rẹ̀. Fírísà ti kú, yìnyín ti yọ́, ẹja sì ti ń rùn. Ó pe Henry wá. Henry gbọ́ òórùn náà, ojú rẹ̀ sì yí padà, nítorí àkókò ti lọ. Ó ní kí wọ́n fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kí wọ́n dín in gbẹ, kí wọ́n sì da ata bò ó. Ìyá Hanan ní òun kò ní ṣe é. Henry ní ẹlòmíràn yóò ṣe é nígbà náà.

"Ni mo bá nu ọwọ́ mi," ó ní. "Mo jáde lọ sí gbọ̀ngán, mo lọ bá ìyá náà níbi tó jókòó sí."

"Kí lo sọ fún un gan-an?"

"Mo ní, 'Màmá, ẹja yín ti bàjẹ́. Bí ẹ bá rí i lórí tábìlì, ẹ má jẹ ẹ́, ẹ má sì jẹ́ kí àlejò yín jẹ ẹ́. Bí ẹ bá lè fún mi ní wákàtí kan ààbọ̀, màá se adìẹ fún yín.'"

"Ìyá Hanan, ṣé kò sí bí o ṣe lè fi ọgbọ́n bò ó díẹ̀?"

"Mo fi ọgbọ́n bò ó. Ṣebí mo fi 'Màmá' bẹ̀rẹ̀."

Inú ti bí ìyá náà sí hòtẹ́ẹ̀lì, àwọn àlejò ti dúró pẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ adìẹ, wọ́n sì lọ sílé láìsí ẹni tí inú ń run. Lọ́jọ́ kejì ni Henry kọ kúẹ́rì.

Tíṣà ti gbọ́ tó. Ó fa ìwé kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ, bí ó sì ti ń kọ ni orí rẹ̀ ń wú. Ó kọ pé Ìyá Hanan kábàámọ̀ gidigidi fún àṣìgbọ́ tó wáyé. Ó kọ pé ariwo gbọ̀ngán kò jẹ́ kí àlejò náà gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Ó kọ pé òṣìṣẹ́ onítẹríba ni, pé irú rẹ̀ kò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Bushrat tẹ̀ ẹ́, ó gba ojú ìwé méjì. Tíṣà fi bírò síwájú Ìyá Hanan pé kó buwọ́ lù ú.

Obìnrin náà kò fọwọ́ kan bírò. "Ẹ kọ́kọ́ kà á fún mi ní Yorùbá."

Kò sí ẹni tó béèrè irú èyí lọ́wọ́ Tíṣà rí láti ọjọ́ tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kà á, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń yí i sí Yorùbá ni ọ̀rọ̀ náà ń tín-ín-rín lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó wúwo ní Gẹ̀ẹ́sì di fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìẹ.

Ìyá Hanan gbé ọwọ́ sókè. "Ta ló ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́?"

"Àlejò yẹn."

"Kò ṣi nǹkan kan gbọ́. Mo sọ̀rọ̀ kedere, ó sì gbọ́ kedere. Kí ni irú rẹ̀ tí kò tún ní ṣẹlẹ̀ mọ́? Bí ẹja mìíràn bá tún bàjẹ́ lọ́la, kí n máa wò ó?"

"Ìyá Hanan, báyìí ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọn yóò kà á, ọkàn wọn á rọ̀, wọ́n á ní kó o padà sẹ́nu iṣẹ́."

"Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ẹ̀yin lẹ kọ́ ẹ̀gbọ́n mi níwèé. Ṣùgbọ́n ìwé yìí kò dára. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èmi. Ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí kò ṣe ni, kò sì sọ nǹkan kan nípa ohun tó ṣe."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tíṣà lákínyẹmí ara. Bí ọmọdé bá sọ bẹ́ẹ̀ sí i ní kíláàsì láyé ọjọ́un, á ní kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní àkókò ìrun ọ̀sán ti tó, ó sì bọ́ síta láìwo ẹ̀yìn.

Nínú mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán, ó jókòó pẹ́ lórí ẹní. Inú ṣì ń bí i. Ṣùgbọ́n bí ìbínú náà ti ń fà lọ díẹ̀díẹ̀, nǹkan mìíràn ni ó ń bá nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó ronú kan gbogbo àwọn tí wọ́n ti tẹ̀ka sí ìwé rẹ̀, àwọn ọdẹ, àwọn ìyá olóńjẹ, àwọn awakọ̀, tí wọ́n gbé e lọ tayọ̀tayọ̀ láìmọ ẹni tí òun sọ wọ́n dà nínú rẹ̀. Obìnrin yìí, tí kò kà ju ìwé mẹ́fà lọ, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ní kí òun ka ọ̀rọ̀ òun síta. Ẹ̀rù ìyà tó ń bọ̀ kò tó ẹ̀rù pé kó fi orúkọ rẹ̀ sí ohun tí kì í ṣe òtítọ́. Tíṣà dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó padà.

Ó bá Ìyá Hanan níbi tó ti ń bá Bushrat to bébà. Kò bínú, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó kàn ní, "Ẹ kú ìrun o, Tíṣà."

"Ó dára," Tíṣà wí, ó fa ìwé tuntun. "Máa sọ ọ́ bó o ṣe fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ. Èmi á máa kọ ọ́, n kò ní fi ẹyọ kan kún un."

Ni ó bá ń sọ ọ́, gbólóhùn kan tẹ̀lé èkejì, bí ẹni tó ń já ẹ̀fọ́. Pé ẹja bàjẹ́. Pé òun sọ fún máníjà. Pé máníjà ní kí wọ́n dín in. Pé òun kọ̀, òun sì lọ sọ fún ẹni tó ni àlejò. Pé bí òun bá tún rí irú rẹ̀, òun á tún sọ. Pé òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá tó fẹ̀yìntì, nítorí ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ díẹ̀. Tíṣà rò pé ó ti parí. Ó fẹ́ fi àmì dánu dúró sí i.

"Ó ku ọ̀kan," Ìyá Hanan wí. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ pé lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, nígbà tí mò ń lọ sílé, mo kọjá níwájú fírísà yẹn, n kò sì gbọ́ kí ó dún. Mo ní bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná lọ ni. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo fẹ́ tètè délé, mi ò ṣí i wò. Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìsinmi mi. Ká ní mo ṣí i wò lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ ni, ẹja yẹn ì bá má bàjẹ́."

Bírò dúró lọ́wọ́ Tíṣà. Bushrat yíjú padà pátápátá lórí àga rẹ̀.

"Mama, abeg, no put am," ọmọ náà wí. "Nobody know."

"Òótọ́ ló sọ," Tíṣà wí. "Kúẹ́rì kò béèrè rẹ̀. Henry kò mọ̀. Kò sí ẹ̀dá kan tó mọ̀ ọ́n."

"Èmi mọ̀ ọ́n."

"Ròdíyátù!" Ó ti pẹ́ tó ti pè é lórúkọ. "Ohun tí wọn yóò fi mú ọ nìyí. Ìwọ fúnra rẹ lo fẹ́ gbé okùn lé wọn lọ́wọ́ yìí."

"Tíṣà, mo lọ dúró níwájú ìyá tó fẹ̀yìntì, mo sọ àléébù hòtẹ́ẹ̀lì fún un. Mo sọ àṣìṣe Henry. Ṣé tèmi nìkan ni kí n wá fi pamọ́? Ìyẹn kì í ṣe òótọ́ mọ́, ẹjọ́ ẹlòmíràn ni mò ń rò. Ẹ kọ ọ́."

Ó kọ ọ́.  Ìwé náà kò ju ìdajì ojú ewé lọ, Tíṣà sì kà á fún un ní Yorùbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá Hanan ní, "Èmi nìyẹn." Ó buwọ́ lù ú pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, ó ní kí Tíṣà jọ̀ọ́ bá òun lọ lọ́jọ́rùú, bóyá wọ́n á yára sọ Gẹ̀ẹ́sì ju ohun tí òun lè gbọ́ lọ.

Lọ́jọ́ náà, Tíṣà wọ agbádá funfun, ó dé fìlà tí bàbá rẹ̀ rán. Inú ọ́fíìsì hòtẹ́ẹ̀lì tutù bí àárọ̀ ọyẹ́. Henry jókòó lápá ọ̀tún, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ́ tónítóní, tí kò dà bí ẹni tó sùn. Láàárín ni Alhaji tó ni hòtẹ́ẹ̀lì wà, bàbá arúgbó kan tó jẹ́ ọmọ Kano, tẹ̀sùbáà rẹ̀ ń yí lọ́wọ́. Henry ka èsì náà sókè. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ fírísà, ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà. Ó hàn pé kò retí rẹ̀.

"Ẹ rí i, sà," ó sọ fún Alhaji ní Gẹ̀ẹ́sì. "Ẹ̀bi rẹ̀ ni látilẹ̀. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́."

 Ohun tí Tíṣà sọ ló ṣẹ yìí.

 Hausa ni Alhaji fi bá Ìyá Hanan sọ̀rọ̀. "Me ya faru, Hajiya?" Ó ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ni Ìyá Hanan bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ ní Hausa tó já geere, irú èyí tí ẹni tó ti ń nájà ní Kano láti kékeré máa ń sọ. Tíṣà fetí sílẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàyẹ̀wò ìdánwò. Ohun tó sọ ní Yorùbá ló sọ ní Hausa, ohun náà ló wà nínú Gẹ̀ẹ́sì tí Henry kà. Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Nígbà tó dé ti fírísà, kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ìpín tèmi nìyẹn," ó ní. "Mi ò sá fún un."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ Alhaji. Ó yíjú sí Henry.

"Ẹja yẹn. Ṣé ìwọ á jẹ ẹ́?"

 Tíṣà rí i pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń wá ọ̀rọ̀, ó sì mọ irú ọ̀rọ̀ tó ń wá, nítorí òun náà ti fi gbogbo ayé òun wá irú rẹ̀. Henry wo Ìyá Hanan lójú, obìnrin náà sì ń wo òun náà láìsí ìkórìíra kankan.

"Rárá, sà," ó sọ nígbẹ̀yìn. "Mi ò ní jẹ ẹ́. Ẹ̀rù ló bà mí lọ́jọ́ náà. Mo rò pé ẹ máa lé mi."

 Alhaji mí kanlẹ̀. Ó ní kí Ìyá Hanan lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì nítorí fírísà tí kò ṣí wò, nítorí pé olórí ilé ìdáná ni. Ó ní Henry yóò lọ sílé ìyá tó fẹ̀yìntì fúnra rẹ̀, yóò sì tọrọ àforíjì. Ní ti ọ̀rọ̀ tí Henry kọ nínú kúẹ́rì, ó ní òun kò fẹ́ ẹ nínú fáìlì. Ó wá yíjú sí Tíṣà.

"Malam, wọ́n ní olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ́. Ọ̀rọ̀ wo ni Gẹ̀ẹ́sì fi ń pe irú obìnrin yìí?"

Gbogbo ìwé atúmọ̀ èdè náà ṣí sílẹ̀ nínú orí Tíṣà lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọ̀rọ̀ gígùn wà níbẹ̀, àwọn tó fi máa ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́, àwọn tó ń dún bí agogo. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó gbà á tán. Ó wá bá èyí tí àwọn ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kẹta ń kọ́, tí kò tíì kọ sínú lẹ́tà kan rí nítorí pé ó kúrú jù.

"'Honest'," ó ní.

"Gaskiya," Alhaji wí, ìyẹn ni òótọ́ ní Hausa. "Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú fáìlì."

Nígbà tí wọ́n jáde, tí wọ́n ń dúró de kẹ̀kẹ́ ní etí títì, Tíṣà kò lè pa á mọ́ra. "Ọ̀sẹ̀ méjì! Lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kì bá tí mọ̀!"

Ìyá Hanan bú sẹ́rìn-ín. "Mo ti rò pé oṣù méjì ni. Tíṣà, mi ò tíì sinmi ọ̀sẹ̀ méjì rí láti ọjọ́ tí mo ti bí Hanan." Kẹ̀kẹ́ dúró, ó wọ̀ ọ́, ó ní kí Tíṣà bá òun kí Bushrat. Tíṣà dúró níbẹ̀ pẹ́ lẹ́yìn tó ti lọ, nínú oòrùn, tòun ti agbádá. Ó ti kọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn. Kò rò pé òun tíì rí i kí ó wọ kẹ̀kẹ́ rí.

Láti ọjọ́ yẹn ni nǹkan ti yí padà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Kò sí ìwé tí Tíṣà kọ tí kì í ka síta fún ẹni tó ni ín, ní Yorùbá tàbí ní Hausa, kí ó tó jẹ́ kó tẹ̀ka. Á ní, "Ṣé ohun tí o sọ nìyí?" Iṣẹ́ wá ń falẹ̀. Àwọn kan bínú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bushrat ráhùn fún ọ̀sẹ̀ kan, ó sì dákẹ́.

Oṣù kan lẹ́yìn èyí, Bàbá Adémúyìwá wá, àgbàlagbà tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Kano títí ó fi fẹ̀yìntì. Òun àti àbúrò rẹ̀ tó wà ní Ìkìrun ti jà láti ogún ọdún sẹ́yìn lórí ilé bàbá wọn, àbúrò náà kì í sì í gbé fóònù rẹ̀. Ó fẹ́ kọ lẹ́tà, kí awakọ̀ kan bá òun fi jẹ́ṣẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ló ní kí wọ́n fi kọ ọ́, nítorí àbúrò òun jẹ́ ọ̀mọ̀wé. Tíṣà kọ ọ́ bí ó ṣe ní kí ó kọ ọ́, ó sì kà á padà fún un: "Àbúrò mi, mo ti dárí jì ọ́, mo ti gbàgbé ohun gbogbo. Ṣé ohun tí ẹ sọ nìyí, bàbá?"

Bàbá Adémúyìwá gbọ́ ọ, ó wo ilẹ̀. 

"Mo sọ ọ́," ó ní, "ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe kà á yẹn, mo gbọ́ pé irọ́ ni. Inú ṣì ń bí mi. Mi ò tíì gbàgbé nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ rí i kí n tó kú ni."

Tíṣà fa ìwé mìíràn. "Ẹ jẹ́ ká kọ ìyẹn, bàbá."

Wọ́n kọ ìyẹn, ní Yorùbá, ìlà mẹ́ta péré. Oṣù náà kò tíì parí nígbà tí Bushrat nàka síta ní ọ̀sán ọjọ́ kan, tó ní kí bàbá òun wá wò. Àwọn àgbàlagbà méjì ń bọ̀ ní Ibo Road, wọ́n jọra bí ìbejì, wọ́n ń bá ara wọn jiyàn lórí ilé bàbá wọn débi pé àwọn ènìyàn ń yà fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ló gbé báàgì àbúrò.